Láti Èkó dé Kùmásí: Ọ̀nà, Ọmọdé àti Ẹni Tí Ó Bá Wà Nítòsí

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ènìyàn bá rìn jìnnà, yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ni èmi ń wá kiri nígbà tí mo gbéra ní Èkó Àkéte ní ìdájí, tí mo gba ọ̀nà Àgbádárìgì dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tí mo sì kọrí sí ilẹ̀ Gánà, níbi tí àwọn ìyá wa àti àwọn bàbá wa ti ṣòwò títí tí òmíràn nínú wọn fi gbàgbé ọ̀nà ilé. Ọ̀rọ̀ kan ni ó ń dà mí láàmú. Ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ UNICEF jùmọ̀ gbé ìwé kan jáde lórí jàǹbá tí ó ń ṣe àwọn ọmọdé, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ tí ó lé ní 2,000 ni irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ń pa ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àti pé nínú 100 ọmọ tí ó bá kú báyìí, ó lé ní 95 tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ tàbí tí owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan. Kì í ṣe ibà ni, kì í ṣe igbóná, kì í sì í ṣe àbíkú tí à ń sín ní gbẹ́rẹ́. Omi gbígbóná ni, odò ni, kànga ni, ọkọ̀ ni, igi máńgòrò ni, kẹrosíìnì tí a rọ sínú ìgò ọtí dídùn ni. Bí ọmọ bá sì ti bá irú èyí lọ ní ilẹ̀ wa, àwọn tí ó wá kí ìyá rẹ̀ yóò sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, wọn yóò nu ojú nù, wọn yóò sì padà sí ilé tiwọn, níbi tí kẹrosíìnì wà nínú ìgò ọtí dídùn. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ìlú tí àwọn ènìyàn bí tiwa, tí àpò wọn kò wúwo ju tiwa lọ, ti kọ irú ìpẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnu, bẹntiróòlù ni ó kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Bí ẹ kò bá tíì rin ọ̀nà yẹn rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí: lórí tábìlì pákó ní ẹ̀bá títì, ní iwájú ilé, lábẹ́ igi àgbọn, ni a to ìgò sí, ńlá àti kékeré, ìgò oníkùn gbẹ̀ǹdẹ̀ àti ìgò ọtí, bẹntiróòlù sì ń dán nínú wọn bí oyin ìgàn. Kpayo ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ilẹ̀ wa ni ó ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ibẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi pé òwò náà kò fi bẹ́ẹ̀ lọ geere mọ́ láti ìgbà tí epo ti gbówó lórí ní Nàìjíríà ní ọdún 2023. Síbẹ̀, ìgò tí mo rí tó láti jó abúlé kan di eérú. Ohun tí ó mú mi dúró ni ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, tí ó jókòó sábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tábìlì náà, tí ó ń fi àwo ike ṣeré, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń fi àrọ bu bẹntiróòlù sínú ọ̀kadà ọkùnrin kan tí sìgá wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo fi ìwọ̀nba Ègùn tí mo gbọ́ kí ìyá náà. Yorùbá ni ó fi dá mi lóhùn, nítorí ta ni ń tajà ní ẹnubodè tí kò gbọ́ Yorùbá? Mo ní, "Ìyá ọmọ, ẹ kú ọjà. Iná kì í mọ ojú olówó rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kúrò lábẹ́ tábìlì." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pe ọmọ náà sọ́dọ̀, ó sì ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ibi tí ọjà wà ni ọmọ wà. Ta ni kí n gbé e fún?" Ọ̀rọ̀ yìí bá mi rìn jìnnà, nítorí àìbìkítà kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀, àìrọ́nà ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọmọ náà lọ́wọ́ iná ní òtítọ́, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí bíbá ìyá rẹ̀ wí. Kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí ọmọ yóò jókòó sí nígbà tí ìyá bá ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Bí ó bá rí ìgò tí ó ti mu ọtí dídùn nínú rẹ̀ lánàá, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé kẹrosíìnì ni ó wà nínú rẹ̀ lónìí? Àwọn baba wa sì tún wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí a bá ń parí ìjà láàrin ọmọdé àti àgbà ni a sábà máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n lójú tèmi ìmọ̀ràn ìtọ́jú ilé pátápátá ni ìlàjì rẹ̀ àkọ́kọ́: ohun tí ó bá lè pa ọmọ, orí pẹpẹ ni kí ó máa gbé. Èyí kan kẹrosíìnì, ó kan oògùn Màmá àgbà, ó sì kan sódà tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ, tí ó máa ń bó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tí ó bá gbé e mu, tí ọ̀fun náà yóò sì máa dí bí egbò rẹ̀ ti ń jinná, títí tí omi lásán yóò fi di ohun tí ọmọ kò lè gbé mì. Bí kẹrosíìnì bá sì ti wọ ọmọ lẹ́nu, a ó sáré da epo pupa sí i lọ́fun kí ó lè bì í jáde, a kò sì mọ̀ pé ní àkókò tí ó bá ń bì gan-an ni kẹrosíìnì ń ráyè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí ó ti ń pani. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kígbe láti ọdún 1970 sí òkè pé ìtọ̀ màlúù tí a pò mọ́ ewé tábà, ayù àti efinrin, tí a ń rọ fún ọmọ tí gìrì mú, a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, a sì máa dín èémí rẹ̀ kù. Ọmọ tí ìbá jí nínú gìrì fúnra rẹ̀ a wá di ẹni tí àgbo gbé lọ. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan yóò bí sí mi nítorí èyí. Èmi kò kẹ́gàn ewé àti egbò. Ìfẹ́ ni ó gbé àgbo náà wá, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò ní kí tábà má ṣe iṣẹ́ tábà.

Tógò kò dá mi dúró pẹ́. Lómè tẹ́ rẹrẹ sí etí òkun; àwọn ọlọ́kadà ń gbé bàbá, ìyá àti ọmọ méjì lórí ọ̀kadà kan ṣoṣo, bàbá nìkan ni ó sì dé akoto, bí ẹni pé orí tirẹ̀ nìkan ni ó lè fọ́. Ní Aflao, a wọ Gánà. Ní Sogakope, níbi tí odò Volta ti ń wọ́ lọ bá òkun, àwọn ọmọ kéékèèké gbé búrẹ́dì àti edé dídín lérí, wọ́n ń sá tẹ̀lé ọkọ̀. Mo ra búrẹ́dì, mo sì jẹ ẹ́, nítorí ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wo omi ńlá yẹn nísàlẹ̀ afárá, ọkàn mi lọ sí ilẹ̀ Bangladesh ní Éṣíà, níbi tí adágún omi wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé, tí àwọn ọmọdé sì ń kú sómi lójoojúmọ́, kì í ṣe ní òru, bí kò ṣe láàrin òwúrọ̀ sí ọ̀sán, nígbà tí bàbá wà lóko, tí ìyá sì ń dáná. Àwọn ará ibẹ̀ kò wí pé kí ìyá má dáná mọ́. Wọ́n yan obìnrin kan ní abúlé, wọ́n kọ́ ọ ní ìtọ́jú ọmọ àti bí a ti ń dóòlà ẹ̀mí, ilé kan sì di ibi tí àwọn ọmọdé ń péjọ sí láti agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí agogo kan ọ̀sán. Ìwádìí fi hàn pé nínú ọmọ márùn-ún tí omi ìbá gbé lọ, ó lé ní mẹ́rin tí ètò yìí ń gbà là. Obìnrin ẹlẹ́po ti ọ̀nà Kútọnu ti bèèrè ohun tí ó tọ́: ta ni kí n gbé e fún? Àwọn ará Bangladesh ti dá a lóhùn.

Ní Àkírà mo lọ wo ère kan tí ó dúró ní ẹ̀bá pápá ìṣeré ńlá wọn: ọkùnrin kan gbé ẹnìkejì rẹ̀ tí ó ti dákú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún ọdún 2001, nígbà tí ẹgbẹ́ Hearts of Oak ń bá Asante Kotoko gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, inú bí àwọn òǹwòran, àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, ènìyàn rọ́ lu ilẹ̀kùn tí a tì pa, ó sì lé ní 120 ẹni tí ó kú. Nínú ọ̀fọ̀ náà ni Gánà ti rí i pé òun kò ní ẹgbẹ́ tí ń gbé aláìsàn ní pàjáwìrì, wọ́n sì dá iṣẹ́ áńbúláǹsì ti ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ìjọba pín áńbúláǹsì tuntun 307 káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ó yẹ kí a kí wọn. Síbẹ̀, bí a bá pín 307 fún ilẹ̀ tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 30, ọ̀kan ni yóò kan nǹkan bí 100,000 ènìyàn, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀ kò lè dúró de ẹni tí ó wà ní ìlú kejì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Kùmásí. Kí a tó gbéra, obìnrin kan dìde nínú ọkọ̀, ó gbàdúrà ní èdè Twi, gbogbo wa sì ṣe àmín, èmi tí n kò gbọ́ ohun tí ó sọ pẹ̀lú wọn, nítorí mo mọ ohun tí ó ń bèèrè. Nílé, a máa ń gbàdúrà pé kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ọ̀nà Àkírà sí Kùmásí jẹ́ ọ̀nà tí ebi ti pa púpọ̀. Ó la àárín ìlú kọjá, Nsawam, Suhum, Nkawkaw lábẹ́ àwọn òkè Kwahu, Konongo, Ejisu. Ní gbogbo ibi tí ó sì ti la ìlú kọjá, ilé ẹ̀kọ́ wà ní apá kan, ọjà wà ní apá kejì, àwọn ọmọ tí wọ́n wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń dúró sí ẹ̀bá títì, wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, wọ́n sì ń fi ojú wọn ọkọ̀ tí ojú wọn kò tíì gbọ́n tó láti wọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè mọ bí ọkọ̀ tí ń bọ̀ ti yára tó. Ẹ lè nà án, ẹ lè kọ́ ọ ní orin ọ̀nà sísọdá, ojú rẹ̀ kò tíì tó o. Awakọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ rọra.

Ṣùgbọ́n awakọ̀ kì í rọra nítorí pé a bẹ̀ ẹ́. Ní oríta Suhum, kí wọ́n tó tún ọ̀nà náà ṣe bí ó ti rí lónìí, ibi tí a ti ń kó òkú ni. Wọ́n wá fi ohun líle fa àwọn ìlà tí ó yọrí díẹ̀ ní ìbú títì, ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, tí ó fi jẹ́ pé bí táyà bá ti gùn wọ́n, ọkọ̀ yóò gbọ̀n gìrìgìrì, etí awakọ̀ yóò hó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wá bíréèkì fúnra rẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí pátákó ìkìlọ̀ gàgàrà, kò sí ìwàásù. Francis Afukaar, onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà tí ó wà ní Kùmásí, kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2003: jàǹbá ọkọ̀ ní oríta náà fi nǹkan bí 35 dín nínú 100, àwọn tí ó ń kú sì fi nǹkan bí 55 dín nínú 100. Nígbà náà ni ó yé mi pé ebi tí ń pa ọ̀nà ṣeé wọ̀n, ó sì ṣeé fún lọ́rùn.

Àwa náà ní bọ́ǹpù nílé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń ní in. Bí ẹ bá dé abúlé kan ní ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà tàbí ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ bá bọ́ǹpù kan tí ó ga gelete, tí kò ní ọ̀dà lára, tí kò sí àmì kankan níwájú rẹ̀, ẹ dúró bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará abúlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ọmọ kan ni wọn yóò dá fún yín. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti pa ọmọ náà ni inú yóò bí àwọn ọ̀dọ́, tí wọn yóò gbé ṣọ́bìrì, tí wọn yóò po sìmẹ́ńtì ní òru. Ṣé dandan ni kí ọmọ kan kọ́kọ́ kú kí á tó mọ ibi tí bọ́ǹpù yẹ sí? Iwájú ilé ẹ̀kọ́ kò fara sin. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá lè kọ orúkọ alága rẹ̀ sára ògiri ilé ẹ̀kọ́, ó lè fa ìlà sí iwájú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Kùmásí, ìlú Osei Tutu, ìlú àga wúrà, ìlú tí ọjà Kejetia rẹ̀ kún tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò fi mọ ẹnu ọ̀nà tí òun gbà wọlé. Ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ni mo sùn, lọ́dọ̀ Màmá kan, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, tí a bí sí Kùmásí, tí ó sì wà lára àwọn àjèjì tí ìjọba Busia ti Gánà fún ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 láti kó ẹrù wọn kúrò nílùú. Ó padà sí Ọ̀fà, ó bá ilé tí kò mọ ẹnìkan nínú rẹ̀, nígbà tí ìlú sì rọ̀, ó tún padà wá. (A kò gbọdọ̀ dá àwọn ará Gánà lẹ́bi jù, àwa náà lé wọn kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 1983.)

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ní àgbàlá Màmá ni ààrò rẹ̀. Kò sí nílẹ̀. Ó fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n ga dé àyà ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì fi pákó ṣe ọgbà yí i ká, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kékeré tí a ń fi okùn so. Mo ní, "Ẹ̀yin Màmá, ṣé ewúrẹ́ ni ẹ ń dè lọ́nà?" Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì tún wá yí padà.

Ó ní, "Ọmọ mi, ewúrẹ́ kọ́. Ayálégbé kan ni ó wà níbí rí. Ọbẹ̀ ni ó gbé kaná nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbí yìí, ọbẹ̀ olómi tí wọ́n fi ń jẹ fùfú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, ta gìyẹ̀gìyẹ̀, ó fi apá wọ inú ìkòkò. Gbogbo wa sáré. Ẹni kan gbé ẹyin wá, ẹni kan gbé epo, ẹni kan gbé ọṣẹ ìfọyín. A fọ́ ẹyin sí i lára. Nígbà tí a dé ọsibítù, bí nọ́ọ̀sì ti ń bó ẹyin náà ni awọ ọmọ ń bá a lọ. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń sunkún. Ó ní omi ni kí a dà sí i. Omi tútù lásán, kí ó máa ṣàn sí i lára fún ogún ìṣẹ́jú, kí a wá fi aṣọ tí ó mọ́ bò ó. Omi wà nínú àmù níbẹ̀, ọmọ mi. Ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni kò sí ẹni tí ó rántí."

Mo bèèrè bí ọmọ náà ti ṣe. Ó ní ó yè, ó ti di géńdé, ṣùgbọ́n ìgúnpá rẹ̀ kò nà mọ́. Samuel Forjuoh, ọmọ Gánà tí ó ṣe ìwádìí lórí iná tí ń jó àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Asante ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, rí i pé inú ilé ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ ti ń ṣẹlẹ̀, ní ibi ìdáná àti ní àgbàlá, àti pé omi gbígbóná àti ọbẹ̀ ni ó ń jó wọn ju ahọ́n iná gan-an lọ. Màmá kò ka ìwé Forjuoh. Ó mọ ààrò.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọ̀rẹ́ olóògbé ọkọ Màmá wá kí wa, bàbá arúgbó kan, ọmọ Asante, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ láti Kùmásí lọ sí Èkó, tí ó sì ń sọ Yorùbá gáréèjì tí ó dùn létí. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí mo wá ṣe, ó gbé àga rẹ̀ súnmọ́ mi. Ó ní òun wà lára àwọn awakọ̀ tí àwọn dókítà kọ́ ní ìtọ́jú ojú ọ̀nà.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ó ṣáájú ẹ̀kọ́ náà. Charles Mock, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Gánà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1998, nínú èyí tí wọ́n fi Kùmásí wé Monterrey ní Mẹ́síkò àti Seattle ní Amẹ́ríkà. Nínú 100 ẹni tí ọgbẹ́ ńlá pa ní Seattle, 59 ni ó kú kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Ní Monterrey, 72. Ní Kùmásí, 81. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n kà. Kí ni kí a wá rò nípa ọmọdé, tí ó jẹ́ pé bí ó bá wọn kílò mẹ́wàá, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀ kò tó lítà kan? Ilé ìwòsàn tí ó dára jù lọ láyé kò wúlò fún ẹni tí kò dé ibẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó sì jẹ́ pé takisí àti tírótírò, ọkọ̀ akérò wọn, ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó fara pa, Mock àti àwọn ará Gánà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pinnu láti kọ́ awakọ̀. Awakọ̀ 335 ni wọ́n kọ́, wákàtí mẹ́fà péré ni ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí wọ́n wá díẹ̀ nínú wọn rí lẹ́yìn náà láti bi wọ́n léèrè, 61 nínú 100 ni ó ti fi ohun tí ó kọ́ tọ́jú ènìyàn lójú ọ̀nà. Kí wọ́n tó kẹ́kọ̀ọ́, 4 péré nínú 100 ni ó ń gbìyànjú láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró; lẹ́yìn rẹ̀, 42. Àwọn tí ó ń rí i pé ọ̀nà èémí ṣí, láti orí 2 dé 35.

Bàbá náà sọ tirẹ̀ báyìí: "Ní ìgbà èwe mi, bí ọkọ̀ bá gbá ọmọ, a ó gbá a mú ní apá àti ẹsẹ̀, a ó jù ú sí ìjókòó ẹ̀yìn, orí rẹ̀ yóò máa fì, a ó sì máa sáré. Kí a tó dé ọsibítù, a ti fi eré wa parí ohun tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi kò mọ̀ pé ahọ́n ènìyàn lè dí i lọ́fun. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ mi, ó pẹ́ díẹ̀, mo bá ọmọbìnrin kan nílẹ̀ lẹ́bàá Konongo, itan rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ ń tú. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo ká a, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀, mo ní kí méètì mi wa ọkọ̀, èmi kò sì gbé ọwọ́ kúrò títí a fi dé Kùmásí. Apá ro mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè gbé ṣíbí ní alẹ́ ọjọ́ náà."

Mo bi í bóyá ẹ̀rù kò bà á. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ kì í ba awakọ̀ lẹ́rù, Ọ̀gá. Ọlọ́pàá ni ó ń ba awakọ̀ lẹ́rù. Bí o bá gbé ẹni tí ó fara pa lọ, wọn yóò ní ìwọ ni o gbá a."

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Kùmásí ní Bantama, tí a fi orúkọ Komfo Anokye sọ, wòlíì ilẹ̀ Asante tí ìtàn wí pé ó gún idà mọ́lẹ̀ níbẹ̀, tí a kò sì rí ẹni tí yóò fà á yọ títí di òní. Àwọn àlejò ń wo idà. Èmi ń wo ẹnu ọ̀nà ibi ìtọ́jú pàjáwìrì. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ní ìtọ́jú pàjáwìrì níbẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì Michigan, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró. Bí aláìsàn bá ti wọlé, nọ́ọ̀sì yóò wo èémí rẹ̀, yóò ka ìlù ọkàn rẹ̀, yóò sì fún un ní àwọ̀. Ẹni tí àwọ̀ pupa bá bọ́ sí lọ́wọ́ kì í tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ìjòyè ni ó wà níwájú. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dára. Ibùsùn kò tó, mo rí àwọn ìyá tí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Gánà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san owó àsansílẹ̀ ọdọọdún ti ètò ìlera ìjọba, èyí sì mú kí ẹsẹ̀ ìyá yá díẹ̀ láti gbé ọmọ wá.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa náà ní òfin tí ó wí bẹ́ẹ̀ nílé. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà ti ọdún 2014 pàṣẹ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ó wà nínú pàjáwìrì fún ìdíkídìí, ó sì fi owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ tì í. Mo mọ ilé ìwòsàn kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní kí aládùúgbò mi lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ tí orí rẹ̀ bẹ́. Òfin wà, ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà kò gbọ́ nípa rẹ̀, bàbá ọmọ kò sì mọ̀ pé òun lè fi í halẹ̀. Ìdájọ́ tèmi ni pé kí a kọ ọ̀rọ̀ òfin náà ní Yorùbá gàdàgbà gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ìwòsàn wa, kí ẹni tí ó bá ń gbé ọmọ wọlé lè fi ìka tọ́ka sí i.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ẹnu ọ̀nà yẹn ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Nítorí náà ni mo ṣe ń ké pe ẹ̀yin alága gáréèjì ní Ọjọ́ọ̀tà, ní Ìwó Road, ní Ṣaṣa àti ní gbogbo ibi tí a ti ń já owó tíkẹ́ẹ̀tì gbà lọ́wọ́ awakọ̀ ní àràárọ̀: ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó náà. Ẹ kò ní láti dúró de ìjọba. Nọ́ọ̀sì àti dókítà tí yóò kọ́ni wà nítòsí yín, wákàtí mẹ́fà ni ó gba àwọn ará Kùmásí, ṣẹ́ẹ̀tì awakọ̀ kan sì tó láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ yan ọjọ́ kan tí ọjà kò gbóná, kí ẹ sì pe àwọn ìyá olóúnjẹ inú gáréèjì mọ́ ọn, nítorí awakọ̀ a máa lọ, àwọn ìyá wọ̀nyẹn kì í kúrò níbẹ̀.